Sí Mojísọ́lá, Nítorí Bíréèsì Ràsákì

Ajah, òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì

Mojísọ́lá, ọmọ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí mo bí tó ga jù mí lọ,

Bàbá rẹ ló ń sọ̀rọ̀, Ìyá Tísà ló ń bá mi kọ ọ́. O mọ̀ wọ́n, ará ilé kejì wa, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu bíbá èèyàn wí. Mo ní bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn á tún un ṣe díẹ̀. Nítorí náà, gbólóhùn tí o bá rí tó dán, tiwọn ni. Èyí tó bá rí ṣákálá, tèmi ni.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí fóònù ṣe é gé. Lánàá tí mo pè ọ́, o ní, "Bàbá mi, mo wà lẹ́nu iṣẹ́." Aago mẹ́jọ alẹ́ ni! Lẹ́tà kò ní bọ́tìnì lára. Jókòó kí o kà á tán.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ kò gùn. Oṣù mẹ́ta nìyí tí o ti wà ní kílíníìkì tuntun yẹn ní Lekki, níbi tí ẹ ti ń ṣe bíréèsì fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Inú mi dùn. Mo ròyìn rẹ fún gbogbo àdúgbò, títí kan àwọn tí kò bi mí. Àfi bí o ṣe wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, tí o jókòó sórí àpótí tí mo fi ń rán bàtà, tí o ní o ti dá ọgbẹ́ sí ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀, pé o ti tẹ ìwé tí o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti pé àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni o máa gbé e fún ọ̀gá rẹ. O ní, "Bàbá mi, ọwọ́ mi ò dáa." O sunkún, o jẹ ẹ̀bà, o lọ.

Mi ò bá ọ sunkún. Láti ìgbà tí mo ti sin ìyá rẹ ni omijé mi ti tán, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń wá òmíràn. Ìmọ̀ràn ni mo ní. Gbà á bó ṣe rí.

Ìkíní: má ṣe ohun tí mo ṣe.

O mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ìyá rẹ kúrú ju ọ̀tún lọ. Àìsàn ìgbà èwe ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ bàtà ṣe wọ àárín àwa méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la títì ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì yìí ni mo dé Ajah. Ibi tí ẹ ń pè ní VGC lónìí, ọ̀pọ̀lọ́ ni onílé ibẹ̀ nígbà náà. Mo ta tapólì sórí igi mẹ́rin, mo ń rán bàtà fún àwọn òṣìṣẹ́ títì. Ìyá rẹ gbé sálúbàtà wá kí n bá òun rán an. Mo wo ẹsẹ̀, mo wo ojú, mo gún ara mi lábẹ́rẹ́.

Nígbà tí a fẹ́ra tán, mo ní màá ṣe bàtà kan tí yóò mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo wọn ẹsẹ̀ náà, lórí ìjókòó, kó tó ṣe iṣẹ́ kankan. Mo fi igi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi awọ bò ó, mo fi pólíṣì pa á títí tí mo fi rí eyín mi nínú rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Mo ní ṣé ó bá a mu. Ó ní, "Àfi bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ mi, ọkọ mi." Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá ẹsẹ̀ sílé ayé.

Irọ́ ló pa fún mi. Ẹsẹ̀ àárọ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ ìrọ̀lẹ́. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, bàtà á máa jẹ ẹ́ ní gìgísẹ̀. Ó ń ká àkísà sí i, kò sọ. Ìyàwó tuntun wo ni yóò sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀bùn rẹ̀ ń ṣe òun léṣe? Ìyá rẹ̀ ló gbé bàtà náà wá bá mi, ó gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà mi, ó ní, "Àna mi, ṣé ẹ fẹ́ gé ẹsẹ̀ ọmọ mi kó lè baà dọ́gba ni?"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo sọ bàtà náà sínú ọ̀sà. Mo búra pé mi ò tún ní rán bàtà fún arọ mọ́, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé nìkan ni màá máa rán fún. Mo rò pé ìwà ọkùnrin ni mo hù. Mo ti ṣàṣìṣe, mo ti jáwọ́, kí ló tún kù?

Ohun tó kù ni pé ọdún méje ni Àbẹ̀kẹ́ fi tiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó mọ bàtà í ṣe. Ọdún méje, Mojí. Ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹ̀yìn dídùn náà kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Ọgbẹ́ tí bàtà yẹn dá sí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jinná. Èyí tí mo fi ìtìjú mi dá sí i kò jinná rárá.

Ìyá Tísà ní ká sinmi díẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa kọ.

Ẹni tí ojú tì tó sì sá lọ, ara rẹ̀ ló ń tọ́jú, kì í ṣe ẹni tó ṣe léṣe. Gbogbo ohun tí mo gbọ́n láyé kò ju gbólóhùn yìí lọ. Mo sì fi ìbàdí ẹlòmíràn kọ́ ọ.

Ní ọdún keje, ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló wọlé sí mi ní ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó ti rìn láti àárọ̀. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ sí mi, ó ní, "Ẹ wọ̀n ọ́n báyìí, kí ẹ tó tún bínú." Mo wọ̀n ọ́n. Bàtà kejì dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìkẹta dáa ju ìkejì lọ. Ìwọ náà bá ìkẹfà ńlé, òun ló wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, tó jó tó fi tẹ pásítọ̀ mọ́lẹ̀.

Ìkejì: má gba "ó dáa" gbọ́ lẹ́nu aláìsàn.

Ọmọ Yorùbá kò ní wo ojú ẹni tó ṣe é lóore kó sọ pé oore náà ń gún òun. Á ní ó dáa, á dọ̀bálẹ̀, á ṣàdúrà fún ìyá rẹ tó ti kú àti ọkọ rẹ tí kò tíì dé, ẹ̀jẹ̀ á sì máa rọra jáde nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Bí aláìsàn bá ti ṣe àdúrà fún ọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, tètè bọ́ bíréèsì yẹn kí o wo abẹ́ rẹ̀.

Má bi wọ́n pé, "Ṣé ó ń dùn yín?" Bi wọ́n pé, "Ibo ló ti ń dùn yín jù?" Ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ ilé ló máa dáhùn rẹ̀. Ìkejì, ẹsẹ̀ ló máa dáhùn. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ fún bí ìdajì wákàtí, kí wọ́n rìn, kí o wá bọ́ ọ. O sọ fún mi nígbà kan pé wọ́n kọ́ yín láti máa wo ibi tó bá pọ́n. Ta ló ń pọ́n ní Ajah? Ara wa dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn lára wa. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ kàn án. Ibi tó bá gbóná ju àwọn tó yí i ká lọ, tí kò sì tètè tutù, ibẹ̀ ni ọgbẹ́ ọ̀la wà. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọwọ́ ni mo fi ń wò ó ní tèmi, kò sì já mi kulẹ̀ rí.

Ìkẹrin. Ìyá Tísà ní ìkẹta ni. Ó dáa, ìkẹta: má fi iyì èèyàn ṣeré.

Nígbà tí àwọn olówó ti gba VGC lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọ́ tán, màdáámù kan máa ń ti ibẹ̀ wá rán bàtà lọ́dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀, mọ́kànlélógójì ni. Ó ní méjìdínlógójì ni òun ń wọ̀. Mo rán méjìdínlógójì fún un bó ṣe wí, kò wọ̀ ọ́, ó ní èmi ni mi ò mọ iṣẹ́. Nígbà kejì, mo rán mọ́kànlélógójì, mo tẹ méjìdínlógójì sí abẹ́ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó ní, "Bàbá, ẹ rí i? Ṣebí mo sọ fún yín!"

Mo ní, "Ẹ sọ ọ́, mà. Etí mi ni kò gbọ́."

Ìyá Tísà ní ìtàn yìí kò yẹ nínú lẹ́tà ìmọ̀ràn, pé irọ́ ni mo pa. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pa á. Irọ́ tó wà lábẹ́ bàtà kì í pa ẹsẹ̀ lára. Mojí, má yí ìwọ̀n padà nítorí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ìyá ọba. Ṣùgbọ́n bí ọmọdébìnrin bá ní bíréèsì òun gbọ́dọ̀ ní òdòdó lára, fi òdòdó sí i. Bí bàbá àgbàlagbà bá ní ṣòkòtò gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, wá bí ṣòkòtò ṣe máa bò ó. Ohun tí ojú bá ń ti èèyàn láti wọ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni yóò máa gbé, iṣẹ́ rẹ á sì di oúnjẹ aáyán.

Èyí tó kàn ni ìdí tí mo fi ní kí Ìyá Tísà wá, mi ò ní fún un ní nọ́ńbà.

O sọ fún mi pé Ràsákì ni ọkùnrin náà ń jẹ́, ọmọ Ìwó, tó ń to táìlì ní Ṣàngótẹ̀dó. Ó já bọ́ láti orí àkàbà, iṣan kan bà jẹ́, iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í gbéra mọ́, ìka ń wọ́lẹ̀ bó bá ń rìn. O ṣe bíréèsì oníke fún un, èyí tó ń wọ inú bàtà, tó ń gbé ẹsẹ̀ dúró. Ó ní ó dáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà wá pẹ̀lú ọgbẹ́ ní kókósẹ̀. Ẹ wẹ ọgbẹ́ náà, o ní kó tún wá, o kò rí i mọ́.

Lọ́jọ́rú, mo wọ kórópè, bọ́ọ̀sì kékeré yẹn, mo lọ wá a ní Ṣàngótẹ̀dó. O máa bínú. Bínú, ṣùgbọ́n máa kà á lọ.

Mo ń béèrè ọmọ Ìwó tó ń to táìlì káàkiri ẹ̀yìn ọjà títí wọ́n fi júwe ilé tuntun kan fún mi. Ìyá onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kó tó kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín. A kì í wọ bàtà lórí táìlì yìí o." Mo bọ́ ọ. Mo gbójú sókè, mo rí Ràsákì lórí ìlóṣòó ní àárín pálọ̀, ẹsẹ̀ lásán. Mojí, ọ̀rọ̀ yín ti yé mi kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Ìwọ ni Ràsákì? Èmi ni bàbá Àǹtí tó ṣe bíréèsì fún ẹ."

Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì tútù. Mo ní kó má ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nítorí mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bíréèsì yẹn dáa gan-an. Ẹsẹ̀ mi ni kò dáa."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ kì í jẹ̀bi. Láti ìgbà tí mo ti ń rán bàtà, mi ò rí ẹsẹ̀ tó jẹ̀bi rí. Ibo ni bíréèsì náà wà?"

"Ó wà nílé, sà. Mo wé e sínú ọ̀rá kó má baà dọ̀tí."

"Ṣé ẹran Iléyá ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í bó ṣe ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ rí i, Bàbá, wọn kì í jẹ́ ká wọ bàtà wọlé. Màá bọ́ bàtà, màá fi bíréèsì nìkan sílẹ̀ lẹ́sẹ̀. Tí mo bá lóṣòó, etí rẹ̀ á máa họ mí ní kókósẹ̀. Tí wọ́n bá pe ìrun, màá tú u, màá ṣe àlùwàlá, màá tún dè é. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Ṣé o sọ fún Àǹtí?"

"Wọn ò bi mí, Bàbá. Wọ́n ní kí n rìn, mo rìn."

"Kí ló dé tí o kò padà lọ?"

Ó ń fi ìka nu símẹ́ńtì lára táìlì. Ó ní, "Ojú wọn, Bàbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí ọgbẹ́ yẹn, ojú wọn yí padà. Mo ní, obìnrin yìí ṣe wàhálà lórí mi, mo wá ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ojú wo ni màá tún fi wò wọ́n?"

O gbọ́ bí? Ìwọ ń sá fún un, òun náà ń sá fún ọ. Ẹ̀yin méjèèjì ń ṣe bojúbojú, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín yín, kò sẹ́ni tó ń mójú tó o. Lójú mi báyìí, ó dìde láti lọ gbé táìlì, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà, àfi ògiri ló gbà á. Táìlì méjì fọ́. Ìyá onílé pariwo. Ràsákì wá sọ fún mi ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pé ọ̀gá òun ti ní bí òun bá tún fọ́ táìlì kó tó di ìparí oṣù, ọ̀gá náà á wá ẹlòmíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé.

Nítorí náà, gbọ́. Mo mọ̀ pé píòpì ni ẹ fi ń mú ẹ̀dà ẹsẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí àjà ilé káàkiri Lekki. Píòpì gba ẹ̀dà ẹsẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́. Kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ náà ń lọ bó bá kúrò lọ́dọ̀ yín. Ìwọ ló yẹ kó béèrè. Ṣé ilé tí wọ́n ti ń wọ bàtà ni wọ́n ń gbé? Irú ilẹ̀ wo ni wọ́n ń tẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń kírun? Ṣé ìjọ tí wọn kì í wọ bàtà rárá ni wọ́n ń lọ? Ṣé wọ́n ń kúnlẹ̀, ṣé wọ́n ń lóṣòó? Ní kí wọ́n lóṣòó níwájú rẹ, kí ìwọ náà lóṣòó tì wọ́n. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Bó bá ṣe èmi ni, mi ò ní fún Ràsákì ní ẹyọ kan. Ike yẹn á wà fún títì àti ọjà, inú bàtà. Fún inú ilé, màá wá awọ rírọ̀ tó máa yí ọrùn ẹsẹ̀ ká, tí rọ́bà á fi máa gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè, láìsí bàtà, tó ṣe é fi lóṣòó, tó ṣe é tètè tú bí wọ́n bá pe ìrun. Ṣùgbọ́n aránbàtà ni mí, mi ò kàwé. Ìwọ lo mọ bí iṣan ṣe rí. Bí èrò mi bá gọ̀, sọ ọ́ nù, kí o ronú èyí tó dáa jù ú lọ. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí o má ronú mọ́ rárá.

O ní ọwọ́ rẹ kò dáa. Ọwọ́ rẹ dáa. Ìbéèrè rẹ ló kù díẹ̀ káàtó, ìyẹn sì ṣe é kọ́ láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo sọ fún Ràsákì pé kó wá bá ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá. Kó mú bíréèsì náà kúrò nínú ọ̀rá, kó mú bàtà tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ dání. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé Àǹtí fúnra wọn ló máa wà níbẹ̀? Mi ò lè tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé fún ẹlòmíràn."

Mo ní, "Àwọn fúnra wọn ni."

Mi ò bi ọ́ kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn sọ ọ́ ni. Ìwé tí o tẹ̀ yẹn, tìrẹ ni, mi ò sì lè fà á ya, torí mi ò lè dá a mọ̀ láàárín àwọn ìwé yòókù. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé e fún ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Ajé, ìwọ ni wàá wọ kórópè lọ sí Ṣàngótẹ̀dó lọ sọ fún Ràsákì. Má rán mi. Mi ò ní lọ.

Ìyá Tísà ń bi mí báwo ni káwọn ṣe parí rẹ̀. Wọ́n ní "bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ jọjọ" ló yẹ. Mo ní ìyẹn ti yé e. Mo ní kí wọ́n kọ èyí tí kò mọ̀: Ràsákì ní òun kì í pẹ́ dé ibi tí wọ́n bá ti pe òun. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni kí o ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá rẹ